Kóòtù Kan Ṣoṣo ní Agbo Ilé Wa

Òórùn aṣọ wúùlù tí a wọ́n omi sí, tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń kọjá lórí rẹ̀, kò jọ òórùn mìíràn láyé. Ó fi díẹ̀ jọ ti àgùntàn tí òjò pa, ó tún fi díẹ̀ jọ ti ìrẹsì tó fẹ́ máa jóná, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mú fún òmíràn. Lánàá ló gba ẹnu ìsọ̀ mi wọlé láìkí mi. Nínú ọjà Bouaké, ìlú kan lókè Abidjan, ni ìsọ̀ mi wà. Bọ́tìnnì ni mò ń tà, pẹ̀lú òwú, síìpù, aṣọ inú kóòtù àti fóòmù èjìká, láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu. Ọmọ Baoulé kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ mi ló ń lọ kóòtù tuntun kan. Oníkóòtù dúró tì í, ó ń wò ó bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ àkọ́bí fún ènìyàn.

"Ìyá Ànàgó," oníkóòtù fi Dioula, èdè ọjà wa, bi mí, nítorí Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, "ṣé ó dára?"

"Ó dára," mo ní. "Ó dára ju ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ. Orúnkún mi a máa dún tí mo bá fẹ́ dìde, a tún dún tí mo bá fẹ́ jókòó, kò tíì yan èyí tó fẹ́. Ọjà náà kò sì tà bí ó ṣe ń tà tẹ́lẹ̀. Aṣọ àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá, tí a ń pè ní yúgúyúgú níbí, ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn télọ̀. Kóòtù òyìnbó tó ti kú ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó, wọ́n á sì máa jó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn àná yẹn kò jẹ́ kí n lè ta nǹkan kan mọ́. Ó mú mi jókòó. Mo sì rántí ìbéèrè tí ẹ̀yin ọmọ máa ń bi mí nípa àwọn fótò àtijọ́ tó wà lára ògiri pálọ̀ yín, pé kí ló dé tí gbogbo àwọn bàbá inú rẹ̀ fi wọ kóòtù dúdú, bí ẹni pé ọ́fíìsì kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ọ́fíìsì kankan ò sí. Kóòtù kan náà ni.

Àdúgbò Dougouba, ní Bouaké níbí, ni agbo ilé wa wà, yàrá mọ́kànlá tó yí kànga kan ká. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa, àfi Bàbá Télọ̀ tó wá láti Ṣakí, tó kọ́ṣẹ́ ní Kùmásì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, kí ó lè máa rí gbogbo ẹni tó ń wọlé, kó sì máa bú wọn. Bàbá Télọ̀ kò mọ̀wé kọ. Òwú nínípọn ló fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ sílẹ̀: oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní òwú tirẹ̀, a ta kókó kan fún èjìká, òmíràn fún àyà, òmíràn fún apá. Á so ìrépé aṣọ ẹni náà mọ́ ìdí òwú, á fi kọ́ ìṣó. Ara ògiri rẹ̀ kún fún òwú bí irùngbọ̀n. Tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn wọ́n, igbe rẹ̀ á dé ọjà.

Ní àárín àwọn òwú yẹn ni kóòtù náà wà. Akọ̀wé ìjọba kan ló ní kí wọ́n rán an, ọmọ Baoulé, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ilé. Kóòtù ti parí, bọ́tìnnì ti pé, ni wọ́n gbé akọ̀wé náà lọ sí ìlú mìíràn. Bàbá Télọ̀ dúró dè é ní ọdún kan, ó dúró dè é ní ọdún kejì. Nígbà tó di ọdún kẹta, kóòtù di ti agbo ilé.

Ohun tó fà á nìyí. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá dé ìdálẹ̀ tí kò fi fótò ránṣẹ́ sílé, àwọn ará ilé á gbà pé ó ti kú, tàbí pé ó wà lẹ́wọ̀n. Fótò pẹ̀lú dàńṣíkí kò sì kúkú jẹ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ á ní ṣé dàńṣíkí lo torí ẹ̀ rin ọ̀nà jìnnà bẹ́ẹ̀, ṣé kò sí dàńṣíkí nílé ni. Kóòtù ni wọ́n ń fẹ́ rí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ya fótò á mú obì lọ bá Bàbá Télọ̀, Bàbá Télọ̀ á sọ kóòtù kalẹ̀, á gbọn eruku rẹ̀, á sì bá a lọ sọ́dọ̀ onífótò pẹ̀lú pín-ìnnì lẹ́nu. Èmi ni mo máa ń gbé agolo pín-ìnnì tẹ̀ lé wọn, nítorí pé mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, mi ò sì níṣẹ́.

Àwọn bàbá wa tín-ín-rín, kóòtù náà sì fẹ̀ bí àgọ́. Ẹ̀yìn ni Bàbá Télọ̀ ti máa ń fà á, á ṣẹ́ ẹ po, á fi pín-ìnnì gún un láti ọrùn dé ìdí. Iwájú rẹ̀ a jọ ti mínísítà, ẹ̀yìn rẹ̀ a jọ òòrẹ̀. "Má mí o," ni Bàbá Télọ̀ máa ń wí. "Tí o bá mí, mi ò sí níbẹ̀." Ìbàdí ni fótò máa ń mọ, nítorí náà ṣòkòtò kẹ́ńbẹ̀ àti sálúbàtà ló máa ń wà nísàlẹ̀. Mo ti rí àwọn fótò wọ̀nyẹn lára ògiri àwọn ènìyàn pàtàkì. Mo máa ń bojú wo ibòmíràn, kí n má baà rẹ́rìn-ín nílé onílé.

Àbúrò bàbá mi tó kéré jù ni Bọ̀dá Làmídì. Abọ́ tánganran ló ń tà. Ó máa ń di í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á gbé e lọ sí Languibonou ní ọjọ́ ọjà wọn, á tún gbé e gba ọ̀nà Sakassou lọ ní ọjọ́ mìíràn, á máa dún gbàràgàdà lójú ọ̀nà tí àwọn adìyẹ fi ń sá. Ó lọ sílé fún Iléyá ní ọdún kan, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́ níbi tó ti ń pọnmi. Ó kàn rí i ni o. Kò tíì ju ìkíni lọ láàárín wọn. Láti ìgbà tó ti padà dé ni kò ti mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

"Ajíṣafẹ́," ìyá mi wí fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kan, orúkọ tó fún un nìyẹn nítorí pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. "Iyọ̀ lo bù sínú ògì yẹn."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Ó ń dùn."

Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá Àṣàkẹ́. Bàbá náà ní òun fẹ́ rí ojú ẹni tó ń bẹ òun. Ni Bọ̀dá Làmídì bá mú obì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Télọ̀.

Ibí yìí ni mo ti dá sí i. Bọ́tìnnì kóòtù yẹn wù mí. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n tutù lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bàbá Télọ̀ ń sùn, mo gbé kóòtù náà jókòó sí ìdí kànga, mo ń yí ìkejì nínú wọn kiri, ó já sí mi lọ́wọ́, ó ta, ó bọ́ sínú kànga. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún. Mo já bọ́tìnnì funfun kan lára bùbá ìyá mi tó ti gbó, mo rán an mọ́ kóòtù bí ẹni ń dán abẹ́rẹ́ wò, mo fi èédú kùn ún kó dúdú. Ojú Bàbá Télọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó dúdú lóòótọ́, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ onífótò. Òógùn ọwọ́ Bọ̀dá Làmídì ti nu gbogbo èédú náà kúrò. Nínú fótò, bọ́tìnnì yẹn funfun lójú àyà rẹ̀ bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọ ọwọ́.

Ẹnikẹ́ni kò kíyè sí i. Láàárín oṣù yẹn náà, ọkùnrin méjì mìíràn nínú agbo ilé wa wọ kóòtù náà ya fótò. Èrò ọkọ̀ kan náà ló kó fótò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé. Ìlú kan náà ni gbogbo wa ti wá, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n agbo ilé wa gbàgbé láti ronú dé. Fótò kan lọ sí ilé Àṣàkẹ́. Ìkejì lọ sí ojúlé kejì, níbi tí ọkùnrin kejì ti ń fẹ́ fi ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Àṣàkẹ́ ṣaya. Ìyá ẹnìkẹta mú ti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbi ìsọmọlórúkọ kan nínú ilé yẹn kan náà, ó fẹ́ fi yangàn. Bí fótò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pàdé ara wọn lórí ẹní kan nìyẹn, pẹ̀lú bọ́tìnnì funfun kan náà lójú àyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Obìnrin alájàpá kan ló mú èsì dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ní wọ́n ní kí òun sọ ọ́ sókè, òun kò sì ní jẹ́ kí ó dín.

"Làmídì, bàbá Àṣàkẹ́ ní kí n kí ọ. Ó ní òun rí kóòtù. Ó ní kóòtù náà dára, òun gbà á lána, kí ó máa bọ̀ wá fẹ́ ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ó ní orí mẹ́ta ni òun rí lórí rẹ̀, kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá òun yan ọ̀kan."

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò tíì parí.

"Ó ní tí Làmídì bá jẹ́ ènìyàn, kì í ṣe aṣọ, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí Iléyá tó ń bọ̀ tó pé, nínú kóòtù tí òun nìkan ń wọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tíṣà kan wà tó ń wá kí òun ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àṣàkẹ́ á wà nílé tíṣà kí àgbò ọdún tó tán."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Bọ̀dá Làmídì wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì kò jáde, ọjọ́ kẹta kò jáde. Abọ́ tánganran wà lórí kẹ̀kẹ́, adìyẹ ń sùn sínú wọn. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo gbé omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lọ fún un, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, èmi ni."

"Mo rí i pé ìwọ ni."

"Bọ́tìnnì yẹn ni mò ń wí. Ojúlówó rẹ̀ já bọ́ sínú kànga, èmi ni mo rán òmíràn mọ́ ọn. Èmi ni mo fi èédú kùn ún."

Ó wò mí títí. "Èédú," ó ní. "Èédú." Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń rín in tí ìyá mi fi wá yọjú, tó rò pé ìyà ti dà á lórí rú.

"Má sọ ọ́ fún Bàbá Télọ̀," ó ní fún mi nígbà tí a tún ku àwa méjì. "Á ní kí o wọ inú kànga lọ mú un. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀. Aṣọ aláṣọ ni mo wọ̀, ó sì tú àṣírí mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ bá Bàbá Télọ̀.

"Kóòtù?" ni Bàbá Télọ̀ wí. "Tìẹ?"

"Tèmi, bàbá. Pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Wúùlù ni kí ẹ fi rán an."

"O ò ní ìdí, Làmídì. Níbo ni ṣòkòtò fẹ́ jókòó sí?"

"Ẹ rán an kó máa dúró."

Ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ra wúùlù aláwọ̀ aró tó jinlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí ló fi ń ru abọ́ lọ sí Languibonou.

Mi ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń wọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Kóòtù akọ̀wé, fífà ni wọ́n máa ń fà á. Ní ti èyí, Bàbá Télọ̀ yí Bọ̀dá Làmídì ká bí ẹni ń yí ọmọ tuntun ká. Ó fi ìka wọn ọrùn rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ta kókó sára òwú, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ èémí. Ó dé èjìká, ó dúró.

"Èjìká òsì rẹ wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ."

"Ẹrù ni, bàbá."

"Mo mọ̀ pé ẹrù ni. Ta ló ní kí o wí?" Ó ta kókó sí i. "Wọn ò ní mọ̀."

Gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo ń gbé. Mo wo bí ó ṣe fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí wúùlù, bí ó ṣe dá mímí dúró kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Mo wo bí ó ṣe fi òwú funfun gbọọrọ so ó pọ̀, tó ní kí Bọ̀dá wọ̀ ọ́, tó tún tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, tí Bọ̀dá Làmídì fi fẹ́ sunkún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ tó fi sí abẹ́ èjìká òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ ní ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà ni omi, ni áyọ́ọ̀nù eléèédú, ni òórùn tó wá bá mi nínú ìsọ̀ lánàá.

Ọjọ́ tí Bọ̀dá wọ̀ ọ́ tán, ó rìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdí kànga. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti ń rìn bí ẹni ẹrù wà lórí rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Dígí tó wà nínú agbo ilé kò ju ojú lọ, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ara rẹ̀ nínú omi kànga, ó sì pẹ́ níbẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà," ìyá mi kúnlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò tètè dìde.

Ó ká a sínú ìró mímọ́, ó gbé e lé itan wọ ọkọ̀. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọdún dé, a pa àgbò, a ò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù kan kọjá, ìyá mi kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bọ̀dá Làmídì sọ̀ kalẹ̀, ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sókè, ọmọbìnrin kan sì di ọwọ́ náà mú sọ̀ kalẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni Ìyàwó, bí mo ṣe ń pe Àṣàkẹ́, sọ ìyókù fún mi, ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ọkọ òun dé nígbà tí ọdún ku ọ̀la. Bàbá òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò fún un lómi, kò ní kó jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ wí ni pé, "Kẹ̀yìn sí mi." Bọ̀dá kẹ̀yìn sí i. Bàbá náà fi ọwọ́ tọ ẹ̀yìn kóòtù náà láti ọrùn dé ìdí, ó ń wá pín-ìnnì. Bàbá náà pẹ̀lú ti gbé Kùmásì rí, òun náà ti ya fótò rí. Kò rí ọ̀kankan. Ó fi ọwọ́ gbá èjìká méjèèjì, ó ní, "Èyí ní ẹni tó ni ín." Ìgbà náà ló ní kí wọ́n gbé àga wá.

Kóòtù yẹn bá agbo ilé wa jà. Gbogbo ẹni tó fẹ́ yá a fún fótò ló bínú lọ, nítorí kò bá ẹlòmíràn mu. Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán tiwọn. Báyìí, àwọn tó wà níbẹ̀ ti tú ká. Ogun lé àwọn kan lọ, ikú mú àwọn kan, àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ń fi Faransé bá ara wọn jà ní Abidjan. Nígbà tí Bàbá Télọ̀ kú, a bá òwú rẹ̀ lára ògiri, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ́. Èjìká gbogbo àwọn bàbá wa wà níbẹ̀. Àwọn tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fi di igi ìdáná. Ẹ̀yin náà sì ní fóònù tó lè gbé kóòtù lé yín lọ́rùn láìsí wúùlù, láìsí pín-ìnnì. Mo ti rí i. Ó tiẹ̀ tún ń fi irun sí orí ẹni tó pá.

Ọdún kejì rèé tí Bọ̀dá Làmídì ti lọ. Aṣọ funfun ni a fi sin ín, bí a ṣe ń sin gbogbo mùsùlùmí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti Ìyàwó jọ ń ṣa ẹ̀wà. Àwa méjèèjì kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà òkúta pọ̀ nínú ẹ̀wà ilé wa. Mo bi í ní ohun tí mi ò bi í rí, bóyá kóòtù yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú lọ́jọ́ náà.

"Kóòtù kẹ̀?" ó ní. "Adúmáradán," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, "tíṣà náà ní kóòtù. Méjì ló ní."

"Kí ló wá dé?"

"Òógùn ni." Ó da ọwọ́ ẹ̀wà kan sínú abọ́. "Òógùn ń kán láti àgbọ̀n ọkọ mi bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Bàbá mi ń bi í ní ìbéèrè láti òwúrọ̀ títí Alásárì, ta ni bàbá rẹ̀, ta ni ìyá ìyá rẹ̀. Àánú ṣe ìyá mi, ó ní kó bọ́ kóòtù yẹn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bàbá mi gan-an ní kó bọ́ ọ. Ọkọ mi ní rárá, ẹ má bínú, òun ò tíì gbọ́ èsì."

Ó ṣa ẹ̀wà lọ. Èmi náà ń ṣa tèmi.

Ohun tí mo lè sọ fún yín nìyẹn nípa àwọn bàbá inú fótò. Wọ́n purọ́ díẹ̀, wọ́n sì rẹ̀wà. Aṣọ tí wọ́n wọn sí ènìyàn lára ṣì ń wu gbogbo ayé, ó ṣì ń mú ọmọkùnrin dúró ṣánṣán, bí yúgúyúgú ti pọ̀ tó. Fótò lè ṣáájú yín dé ilé àna, ó sì lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà á padà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní kí ẹ kẹ̀yìn sí àwọn, ẹ ó sì wà nínú ooru títí wọn yóò fi dá yín lóhùn.